Okùn olójóbó tí àwọn cowboy fi ń mú màlúù: kí ló dé tí bàbá yìí ò jẹ́ kí n so ó mọ́ gàárì?

AdéHouston

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí, mi ò kì í fi bẹ́ẹ̀ dá sí i, àmọ́ ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo sì mọ̀ pé ẹ ò ní dá mi dá a.

Nọ́ọ̀sì ni mí, ẹ̀bá ìlú Houston ní Texas ni mò ń gbé. Bàbá adúláwọ̀ kan múlé tì wá, ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Màlúù ni bàbá rẹ̀ àti bàbá bàbá rẹ̀ dà títí wọ́n fi dàgbà, òun náà ṣì ní bí ogún lórí ilẹ̀ rẹ̀. Lóṣù kẹta ó mú mi lọ wo rodeo, ìdíje ńlá tí wọ́n máa ń fi ẹṣin àti màlúù ṣe ní Houston lọ́dọọdún. Láti ọjọ́ náà ni okùn yẹn ti gbà mí lọ́kàn, okùn olójóbó tí àwọn cowboy, àwọn darandaran orí ẹṣin ilẹ̀ Amẹ́ríkà, máa ń fì lókè orí kí wọ́n tó jù ú mọ́ màlúù lọ́rùn. Nínú fíìmù, lasso ni wọ́n ń pè é. Bàbá ní àwọn tó ń fi í ṣiṣẹ́ kì í pè é bẹ́ẹ̀, okùn náà ni wọ́n ń pe okùn. Ó ní òun á kọ́ mi.

Oṣù méjì gbáko ni mo fi ń jù ú sí orí màlúù tí wọ́n fi ike ṣe, tí wọ́n kì bọ ìdì koríko gbígbẹ. Sátidé tó kọjá ló wá gbé mi gun ẹṣin rẹ̀ kan tó ti mọṣẹ́. Mo ju okùn, ó kọ́ ìwo ọ̀dọ́ màlúù kan méjèèjì. Inú mi dùn dé ibi pé mo gbàgbé ohun tó kù. Ó yẹ kí n yí okùn náà ká ìwo gàárì, kùkùté kékeré tó yọ sókè níwájú gàárì. Mo yí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n mo dorí ọwọ́ kodò, àtàńpàkò mi wà nísàlẹ̀. Màlúù fà. Okùn gba àtẹ́lẹwọ́ mi kọjá bí iná. Ìbọ̀wọ́ òwú tí mo wọ̀ ya, awọ bó láti ìdí àtàńpàkò dé àárín ọwọ́. Bàbá kígbe pé kí n jọ̀wọ́ ẹ̀, mo jọ̀wọ́ ẹ̀, màlúù gbé okùn lọ.

Ìbéèrè mi nìyí. Àwọn tí mo rí ní Houston tí wọ́n ń mú ọmọ màlúù, wọ́n ti so ìdí okùn wọn mọ́ ìwo gàárì kí wọ́n tó sáré jáde rárá. Kí ló dé tí bàbá ò gbà kí èmi náà so tèmi? Nígbà tí mo bi í, ó ní ọjọ́ tí mo bá mọ̀ ọ́n tú ni mo tó so ó.

Alápatà_Odò_Ẹran

Adé, àbúrò mi, o kú ewu. Ṣé wọ́n ti tọ́jú ọwọ́ yẹn? Mo mọ̀ pé nọ́ọ̀sì ni ẹ́, ṣùgbọ́n àwọn tó ń tọ́jú ẹlòmíràn kì í sábà rántí ara wọn.

Ọgbọ̀n ọdún ó lé díẹ̀ ni mo fi ṣiṣẹ́ ní odò ẹran n'Íbàdàn kí n tó fẹ̀yìn tì. Ohun tí ọ̀gá mi kọ́kọ́ kọ́ mi kì í ṣe ọ̀bẹ, okùn ni. Ó ní bí mo bá mú okùn màlúù dání, kí n mú un bí ẹni tó máa jọ̀wọ́ ẹ̀ nígbàkigbà, n ò sì gbọdọ̀ wé e mọ́ ọrùn ọwọ́ láé. Ọmọ iṣẹ́ kan tí a jọ wà lábẹ́ ọ̀gá kan náà wé e. Bí a ṣe ń sọ màlúù kalẹ̀ látinú ọkọ̀, akọ kan ta, ó sì wọ́ ọmọ yẹn láti ẹnu ọkọ̀ dé ìsọ̀ àwọn oníponmọ. Kò kú, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò gbé nǹkan tó wúwo mọ́ títí mo fi kúrò níbẹ̀.

Nítorí náà ìbẹ̀rù bàbá yẹn yé mi. Èyí tí kò yé mi ni pé kí ló ń mú kí ojóbó náà là sílẹ̀ nínú afẹ́fẹ́? Okùn tiwa, bí o bá jù ú, yóò kán wọ́lẹ̀ bí aṣọ tútù ni.

AdéHouston

Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ti bá mi dì í, kò wú.

Okùn yẹn le ni. Náílọ́ọ̀nù tí wọ́n pò mọ́ polyester ni, wọ́n lọ́ ọ ní fọ́nrán mẹ́ta tàbí mẹ́rin, wọ́n sì fi ìda pa á títí yóò fi gan. Ẹ mú un tuntun, ẹ ó rí i pé ó fẹ́ jọ wáyà ju okùn lọ. Èyí tí wọ́n fi ń mú orí màlúù máa ń gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 30, èyí tí wọ́n fi ń mú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tó 35. Lẹ́nu rẹ̀, wọ́n ta kókó kan tó fi ihò kékeré sílẹ̀, honda ni wọ́n ń pè é. Inú ihò yẹn ni okùn ti ń sáré kọjá tí ojóbó fi ń fún. Wọ́n rán awọ líle sínú ihò náà kí okùn má baà máa rẹ́ ara rẹ̀ jẹ.

Ọwọ́ òsì ló ń di ìjánu ẹṣin mú pẹ̀lú okùn tó kù tí a ti ká. Ọwọ́ ọ̀tún ló ń fì. Ọrùn ọwọ́ gbọ́dọ̀ máa yí pẹ̀lú ìyípo kọ̀ọ̀kan, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ojóbó á lọ́ mọ́ ara rẹ̀ lókè orí rẹ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe fún mi. Nígbà tó wá bọ́ sí i, etí mi ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n: fúù, fúù, fúù, ọgbọọgba, mo sì ń gbọ́ ìwúwo rẹ̀ níwájú pátápátá, bí ìgbà tí èèyàn ń fi garawa omi yípo tí omi ò sì dànù. Bí o bá jọ̀wọ́ ẹ̀, ìka rẹ á na ibi tó ń lọ.

Ọmọ_Ìtàn

Adé, ìdáhùn ìbéèrè rẹ wà nínú ìtàn okùn yẹn fúnra rẹ̀. Okùn kì í gùn títí kó má ní ibi tí wọ́n ti fà á wá.

Ọ̀dọ̀ àwọn vaquero, àwọn darandaran orí ẹṣin ilẹ̀ Mẹ́síkò, ni àwọn cowboy ti kọ́ iṣẹ́ yìí. Lasso wá láti inú lazo, ojóbó ni lazo lédè Spéènì. Lariat, èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà tún ń pè é, wá láti inú la reata. Awọ màlúù tí wọn kò sè ni wọ́n fi ń hun reata. Wọ́n á gé awọ odindi ní yíyípo, láti etí wá sí àárín, títí gbogbo rẹ̀ á fi di ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn kan ṣoṣo. Wọ́n á hun irú ọ̀já bẹ́ẹ̀ ní fọ́nrán mẹ́rin, mẹ́fà tàbí mẹ́jọ, wọ́n á sì fi ọ̀rá ẹran pa á. Ó máa ń gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 60, òmíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó rẹwà, ó sì ń fò geere, ṣùgbọ́n àléébù kan wà lára rẹ̀: bí ẹran ńlá bá já a gbì lójijì, ó lè já. Ìdí nìyẹn tí vaquero kì í fi í so ó pa. Yóò yí i ká ìwo gàárì lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, yóò wá máa jẹ́ kó yọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ẹran á fi rọlẹ̀. Dar la vuelta ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ni pé kí o yí i ká. Etí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló sọ ọ́ di dally. Ní California àti àwọn ilẹ̀ gbalasa ìwọ̀ oòrùn ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ jù.

Texas yàtọ̀. Gúúsù Texas kún fún igi ẹlẹ́gùn-ún tí wọ́n ń pè ní mesquite. Kò sí àyè láti fì okùn gígùn níbẹ̀, bí okùn bá sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ, màlúù á gbé e wọ igbó, ó di àwátì. Àwọn yẹn ń lo okùn kúkúrú tí wọ́n fi èso igi ṣe, lẹ́yìn náà manila, èyí tí wọ́n ń rí láti ara igi abaca ní Philippines, wọ́n sì so ìdí rẹ̀ mọ́ gàárì pinpin. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì ni náílọ́ọ̀nù wá gba ipò manila. Títí di òní, àwọn tó ń so ó àti àwọn tó ń yí i ṣì ń bá ara wọn jiyàn.

Nígbà tí o bá so ó, ìwọ, ẹṣin àti màlúù ti di kókó kan. Bí màlúù bá yí gba ẹ̀yìn ẹṣin, tí okùn wọ abẹ́ ìrù, tàbí tí ẹṣin ṣubú, kò sí ọ̀nà àbáyọ. Ohun tí bàbá ń dáàbò bò nìyẹn. Àmọ́ yíyí náà ní ewu tirẹ̀: àtàńpàkò ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti há sáàárín okùn àti ìwo gàárì tó sì gé. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọdé pé àtàńpàkò sókè, ìgbà gbogbo.

Ọmọ_Ìtàn

Ẹ jọ̀wọ́, mo kọ "èso igi" lókè. Ìtẹ̀wé ló yí i. Fọ́nrán ara igi ni mo ní lọ́kàn, irú bí ọ̀gbọ̀.

DókítàẸran

Ẹ kú ọ̀rọ̀. Abẹ́òkúta ni mo ti ń tọ́jú ẹran. Ẹ jẹ́ kí n fi kan kún un.

Àwọn èèyàn rò pé eré ni okùn yìí. Lórí oko màlúù tó fẹ̀ bíi ti ibẹ̀, bí màlúù kan bá ń tiro ní ìdajì wákàtí sí ibi tí ọgbà wà, ẹ ò lè dà á dé ọgbà láìjẹ́ pé ẹsẹ̀ yẹn á túbọ̀ bàjẹ́. Ẹni méjì á gun ẹṣin lọ bá a, ọ̀kan á mú orí, èkejì á mú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì, wọ́n á na ẹran náà sílẹ̀ jẹ́jẹ́, wọ́n á gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n á tú u. Kò gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Lójú tèmi, yíyọ̀ tí okùn ń yọ̀ lára ìwo gàárì jẹ́ oògùn fún ẹran náà. Ọrùn tí wọ́n fi ìwọ̀n ìwọ̀n fà á dúró kò dà bí ọrùn tí wọ́n já gbì. Mo ti rí ọrùn ewúrẹ́ tó sáré dé òpin okùn ìso rẹ̀. Ẹran kékeré, okùn kékeré, síbẹ̀ ọ̀nà ọ̀fun wú fún ọjọ́ mẹ́rin.

ÌyáÀbẹ̀ní_Ṣakí

Ẹ má bínú sí mi, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo gbọ́ ti ìtọ́jú. Ṣùgbọ́n Adé ní òun lọ wo ìdíje. Ọmọ mi fi fídíò irú rẹ̀ hàn mí, ọmọ màlúù kékeré tó ń sáré, okùn bọ́ sí i lọ́rùn, ó ta gìrì, ó ṣubú. Omi bọ́ lójú mi. Èmi náà sin ẹran rí. Kí ni ọmọ màlúù yẹn ṣe?

AdéHouston

Ẹ má bínú, Ìyá. Mi ò ní parọ́ fún yín, ọkàn tèmi náà ṣe kẹ̀ẹ́ nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé ọmọ màlúù á kọ́kọ́ sáré jáde. Ẹni tó bá sáré jáde kí ọmọ màlúù tó sáré kọjá àyè tí wọ́n fún un, wọ́n á fi ìṣẹ́jú-àáyá 10 kún àkókò rẹ̀. Yóò ju okùn, yóò bọ́ sílẹ̀ lórí eré, ẹṣin fúnra rẹ̀ á máa fà sẹ́yìn kí okùn lè le. Ọkùnrin náà á dá ọmọ màlúù dùbúlẹ̀, á fi okùn kékeré tó ti gbé sẹ́nu di ẹsẹ̀ mẹ́ta pọ̀, á gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Ìdì yẹn gbọ́dọ̀ dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá 6 lẹ́yìn tí wọ́n bá dẹ okùn ọrùn. Àwọn ọ̀gá ń parí rẹ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá 7 tàbí 8. Ẹni tó bá já ọmọ màlúù gbì tó fi dojú ọ̀run lè jìyà rẹ̀ nínú ìdíje àwọn àgbà.

Irú mìíràn tún wà tí àwọn obìnrin ń ṣe jù. Òwú tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi so okùn mọ́ ìwo gàárì. Bí okùn bá ti le, òwú á já, iṣẹ́ parí nìyẹn, ọmọ màlúù á máa sáré lọ tòun ti okùn lọ́rùn. Ìyẹn ni ọkàn mi gbà jù.

ÌyáÀbẹ̀ní_Ṣakí

O ṣé tí o sọ òótọ́ fún mi, ọmọ mi. Èyí tí òwú ń já yẹn, n ó wò ó.

Akọpẹ_Èkìtì

Mo ka gbogbo rẹ̀, orí mi wú. Igbà ni èmi mọ̀, okùn tí a fi ń gun ọ̀pẹ. Ìdáhùn bàbá yẹn pé "ọjọ́ tí o bá mọ̀ ọ́n tú", ọ̀rọ̀ tí bàbá mi sọ fún mi nídìí ọ̀pẹ nìyẹn. Kí n tó fi ẹsẹ̀ kan kúrò nílẹ̀, ó ní kí n ta kókó igbà, kí n tú u, kí n tún un ta, pẹ̀lú ojú dídì, nígbà ogún.

Adé, mo fẹ́ mọ̀: ṣé ojú ọjọ́ ń ṣe okùn yín bó ṣe ń ṣe tiwa? Igbà tí òjò bá pa máa ń yí ìwà padà.

AdéHouston

Ó ń ṣe é o. Oòrùn Texas máa ń mú kó rọ̀, òtútù á sọ ọ́ di igi. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tà á ní oríṣiríṣi líle, tí àwọn tó ń díje sì ń gbé okùn mẹ́rin márùn-ún sínú àpò kan ṣoṣo. Bàbá máa ń fi ọwọ́ pa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan láàárọ̀ kó tó mú ọ̀kan.

Ọmọ_Gáà_Ìsẹ́yìn

Ẹ kú ìjókòó. Fúlàní ni àwọn òbí mi, gáà lẹ́bàá Ìsẹ́yìn ni wọ́n bí mi sí, Yorùbá ni mo fi ń bá gbogbo yín sọ̀rọ̀ láti kékeré.

Bàbá mi kì í ju okùn mọ́ màlúù. Ohùn ló fi ń pè wọ́n, màlúù á gbọ́, á yà. Ṣùgbọ́n okùn kan wà tó ṣe pàtàkì nínú ilé àwọn Fulbe, ìyẹn àwa Fúlàní, ju gbogbo okùn lọ, daangol. Wọ́n á na okùn gígùn kan sórí ilẹ̀, wọ́n á kàn án mọ́ èèkàn ní ìpẹ̀kun méjèèjì. Àwọn ojóbó kéékèèké wà lára rẹ̀, ọ̀kan fún ọmọ màlúù kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ni wọ́n so, a kò so ìyá. Ìyá á jẹko lọ jìnnà, nírọ̀lẹ́ á padà wá fúnra rẹ̀ nítorí ọmọ. Bí wọ́n bá fẹ́ fún wàrà, wọ́n á tú ọmọ náà kó kọ́kọ́ mu díẹ̀ kí wàrà lè sọ̀.

Iṣẹ́ èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni láti máa so wọ́n nírọ̀lẹ́. Mo ṣì lè gbọ́ mímí ọmọ màlúù lọ́rùn ọwọ́ mi, ó gbóná, ó ń run wàrà. Nígbà tí mo ka ohun tí Ìyá wa láti Ṣakí kọ, ìyẹn ni mo rántí.

Ọmọ_Ìtàn

Arákùnrin láti gáà, ohun tí o kọ yìí dùn mọ́ mi gan-an, ó sì bá ohun kan mu.

Ní Mẹ́síkò láyé ìjọba Spéènì, kì í ṣe okùn ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń mú màlúù. Ọ̀pá gígùn tí irin bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé wà lẹ́nu rẹ̀ ni. Ẹlẹ́ṣin á sáré bá màlúù látẹ̀yìn, á gé iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹran á wó lulẹ̀. Awọ àti ọ̀rá ni wọ́n ń wá, wọ́n sì ń fi ẹran sílẹ̀ kó jẹrà. Ó pọ̀ dé ibi pé ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́sìn fòfin dè é lọ́dún 1574. Okùn ló wá gba ipò rẹ̀. Gàárì Spéènì ayé ìgbà náà kò ní ìwo rárá, nítorí náà wọ́n ń so okùn mọ́ ara gàárì tàbí mọ́ ìrù ẹṣin. Ìwo gàárì tí Adé yí okùn ká yẹn, okùn ló bí i.

Ta ni àwọn tó wà lórí ẹṣin wọ̀nyẹn? Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ẹrú àti ọmọ ẹrú láti Áfíríkà. Àwọn òpìtàn kan tó ń wo ọ̀ràn oko màlúù sọ pé àwọn tí wọ́n kó láti ilẹ̀ àwọn olówó màlúù ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà kópa nínú dídá iṣẹ́ okùn náà sílẹ̀. Mo gbà wọ́n gbọ́. Ẹni tó ti mọ màlúù nílé kò ní gbàgbé rẹ̀ nítorí pé wọ́n kó o sọdá òkun.

Ní Amẹ́ríkà náà kò yàtọ̀. Will Rogers tí gbogbo Amẹ́ríkà mọ̀ sí ọ̀gá okùn, ọmọ Cherokee, ẹ̀yà kan nínú àwọn onílẹ̀ Amẹ́ríkà, tí wọ́n bí lọ́dún 1879, Dan Walker, adúláwọ̀ tó ń da màlúù lóko bàbá rẹ̀, ló kọ́kọ́ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń jù ú. Nítòsí Adé gan-an, Fred Whitfield, ọmọ Texas, gba ipò kìíní àgbáyé nínú mímú ọmọ màlúù nígbà méje láàárín 1991 sí 2005. Bàbá tó múlé ti Adé yẹn, ilé ìwé ńlá ló wà nínú ọwọ́ rẹ̀.

Ọmọ_Yorùbá_Bahia

Mo ń kà yín láti Salvador. Ní gúúsù Brazil, níbi pápá gbalasa, wọ́n ń ju laço bí àwọn tiyín. Ṣùgbọ́n ní àríwá ìlà oòrùn níbí, caatinga, igbó gbígbẹ tó kún fún ẹ̀gún ni. Okùn ò ráyè fì. Vaqueiro á wọ awọ láti orí dé ẹsẹ̀, fìlà awọ, ẹ̀wù awọ, á fi ẹṣin ya igbó, á sì di ìrù màlúù mú láti fi gbé e ṣubú. Ilẹ̀ ló ń pinnu okùn, bí Ọmọ_Ìtàn ṣe wí nípa Texas.

Ẹlẹ́ṣin_Ìlọrin

Ẹ tún fi Hawaii kún un. Àwọn vaquero láti Mẹ́síkò ló kọ́ wọn ní nǹkan bí ọdún 1830 sókè, paniolo ni wọ́n ń pe àwọn darandaran wọn. Lọ́dún 1908, ọ̀kan nínú wọn, Ikua Purdy, lọ sí Cheyenne ní Wyoming, àárín àwọn cowboy gan-an, ó sì fi ìṣẹ́jú-àáyá 56 gba ipò kìíní nínú mímú akọ màlúù. Lórí ẹṣin tí wọ́n yá a ni!

Alápatà_Odò_Ẹran

Adé dà? Ọwọ́ yẹn ńkọ́?

AdéHouston

Mo wà o, ẹ̀gbọ́n. Ọjọ́ mẹ́tàlá rèé, ọwọ́ ti san.

Mo ka gbogbo ọ̀rọ̀ yín fún bàbá, mo túmọ̀ rẹ̀ bí mo ṣe lè ṣe. Ti daangol, ó ní kí n tún un kà. Lẹ́yìn náà ó gbé gàárì lé orí igi, ó gé rọ́bà inú táyà, ó fi wé ìwo gàárì kí okùn lè máa dì í mú, òun fúnra rẹ̀ sì mú ẹnu okùn dání, ó ń rìn lọ. Èmi ń yí i. Àtàńpàkò sókè. Ìrọ̀lẹ́ mẹ́rin la fi ṣe ìyẹn nìkan.

Lánàá, ọ̀dọ́ màlúù ọjọ́sí ń tiro, àárín pátákò ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ti wú. Ọmọ ọmọ bàbá, obìnrin, gun ẹṣin kejì. Mo jù ú, ó kọ́ ìwo. Mo fà á kó fún, mo yí i lẹ́ẹ̀kan, mo yí i lẹ́ẹ̀mejì, mi ò sì di ọwọ́ pa. Okùn yọ̀, mo gbọ́ òórùn rọ́bà tó ń gbóná, ẹran náà rọ, ó yíjú sí mi. Ọmọbìnrin náà mú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì, ó dùbúlẹ̀ wọ̀ọ̀. Bàbá fi ẹsẹ̀ rìn lọ bá a tòun ti abẹ́rẹ́, ó fọ àárín pátákò náà, ó gún un lọ́rùn, ó fọwọ́ pa á níwájú orí.

Ó wá wò mí, ó ní kí n tú u. Mo yọ ìyípo kan, mo yọ èkejì, okùn dẹ̀. Ó bọ́ ojóbó kúrò ní ìwo, ọmọbìnrin náà dẹ tiẹ̀, màlúù dìde, ó gbọn ara, ó rìn lọ sídìí omi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí ká okùn mi.